Òkè Tí Mo Pè Ní Dallas

Brays Oaks,
Houston, Texas.
Ọjọ́ kẹẹ̀ẹ́dógún, oṣù Keje, ọdún 2025.

Juwairiyyah, Àjíkẹ́ ọmọ mi,

Asalaamu alaikun. Mo kí ọ kú iṣẹ́, mo sì kí ọ kú ooru Houston yìí tí kì í jẹ́ kí ènìyàn mọ̀ bóyá òun ti wẹ̀ tàbí òun kò tíì wẹ̀. Ṣé ara rẹ le? Ṣé ò ń rí oorun sùn dáadáa? Ṣé àwọn tó ń wá gba oògùn lọ́wọ́ rẹ kì í fi ìbínú àìsàn wọn jẹ ọ́ níyà? Àwa náà wà láàyè, ọpẹ́ ni fún Ọlọ́run. Ẹ̀jẹ̀ ríru mi wà níbi tí dókítà fẹ́ kó wà, orúnkún màmá rẹ ti ń gbọ́ràn sí i lẹ́nu díẹ̀díẹ̀, Adnan àbúrò rẹ sì ń jẹun bí ẹni tí wọ́n ń lé bọ̀. Kò sóhun tó ṣe wá. Àyà mi nìkan ni kò jókòó.

Inú yàrá gíláàsì tí mo ń jókòó sí ní ẹnu ọ̀nà páàkì ilé ìwòsàn ni mo ti ń kọ lẹ́tà yìí. Bí o bá rí ibi tí ọ̀rọ̀ já lójijì, mọ́tò ló dé, mo dìde lọ gba tíkẹ́ẹ̀tì ni.

O lè sọ pé kí ló dé tí mi ò tẹ̀ ọ́ láago. Mo ti tẹ̀ ọ́ láago lẹ́ẹ̀mẹ́ta láàárín ọjọ́ mẹ́rin. Lákọ̀ọ́kọ́, mo béèrè bóyá òjò rọ̀ ní Cypress lọ́dọ̀ yín. Lẹ́ẹ̀kejì, mo béèrè bóyá o ti pààrọ̀ táyà ẹ̀yìn. Lẹ́ẹ̀kẹta, mo ní kí n kàn kí ọ ni, o sì ní, "Dádì, ẹ ti kí mi láàárọ̀." Ohun tí mo fẹ́ sọ gan-an kò gba ẹnu mi jáde. Inú mi dùn pé o ti ka pámárì síìsì ní Ìjẹ̀bú-Igbó kí a tó kó yín wá sí ìlú yìí, mo mọ̀ pé o ó lè ka èyí láìbi ẹnikẹ́ni. Adnan kò lè ka ìlà kan nínú rẹ̀. Ìyẹn náà sì tẹ́ mi lọ́rùn lónìí.

Ní ọjọ́ Jímọ̀ tó kọjá, mo wọ yàrá Adnan, mò ń wá wáyà tí mo fi ń ṣájì fóònù mi. Mo rí bébà kan lórí tábìlì rẹ̀. Mo wọ awò ojú mi. Orúkọ rẹ ló wà lókè, ti Túnmiṣe ọ̀rẹ́ rẹ tẹ̀lé e. Ọgbà ìjọba kan lórí òkè ní Montana, ọjọ́ keje sí ọjọ́ kẹwàá oṣù Kẹjọ. Ibi tí ẹ ó gbé mọ́tò sí wà níbẹ̀, ọ̀nà tí ẹ ó gbà, ibi tí ẹ ó pàgọ́ sí lóru ọjọ́ kìíní, ìkejì, ìkẹta. Pé kò sí nẹ́tíwọ̀kì láti ẹsẹ̀ òkè lọ. Pé bí ẹ ò bá tíì pè nígbà tó bá di aago mẹ́jọ ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ kẹwàá, kí a pe nọ́ńbà báyìí báyìí. Bí mo ṣe ń kà á ni mò ń mí bí ẹni tó ti bẹ̀rẹ̀ sí í gun òkè náà. Mo wá dé ìsàlẹ̀, níbi tí o kọ orúkọ ẹni tí wọ́n máa pè sí bí nǹkan bá ṣẹlẹ̀. Adnan ni mo bá níbẹ̀.

Adnan, Àjíkẹ́. Adnan tí aláàmù mẹ́ta máa ń dún sí létí, tí ará ilé kejì á ti jí kí òun tó yí ẹ̀gbẹ́ padà. Adnan tí fóònù rẹ̀ kì í ní iná nínú mọ́ bí aago méjì ọ̀sán bá ti lù. Mo dá bébà náà padà bí mo ṣe bá a, mo jáde. Ìrọ̀lẹ́ ni mo tó rántí pé wáyà ni mo bá lọ.

Mi ò bi ọ́ ní ìdí rẹ̀. Mo mọ ìdí rẹ̀. Ìwọ náà rò pé o mọ̀ ọ́n, ṣùgbọ́n ìdajì ni mo sọ fún ọ. Ìdajì tó kù ni mò ń kọ lẹ́tà yìí fún, jọ̀ọ́, rọra kà á.

Ṣé o rántí bí a ṣe kúrò nílé? O sunkún pé a ò jẹ́ kí o dágbére fún àwọn ọmọ kíláàsì rẹ. Màmá rẹ ní kí o sọ fún tíṣà pé ìgbéyàwó ni à ń lọ ṣe ní Ìlọrin. Físà ti wà nínú ìwé ìrìnnà wa fún oṣù méjì nígbà náà, kò sí ẹni tó mọ̀ àfi bàbá mi. Houston ni mo ti pe onílé wa pé kó wá gba kọ́kọ́rọ́ rẹ̀. Kì í ṣe pé a burú, bí wọ́n ṣe tọ́ wa nìyẹn. Adépéjú tó ń ránṣọ ní iwájú ilé wa sọ tirẹ̀ fún gbogbo àdúgbò, wọ́n bá a yọ̀, wọ́n bá a jẹ, wọ́n bá a mu, ó sì gbé fáìlì rẹ̀ padà wálé láti ẹ̀ńbásì. Láti ìgbà náà ni mo ti gbà pé ohun tí ẹnu kò bá gbọ́, ẹnu kò lè bà á jẹ́.

Ìwọ wá lọ mú eré ìdárayá tí òfin rẹ̀ yí èyí sódì pátápátá. Túnmiṣe ló ṣàlàyé rẹ̀ fún mi lọ́jọ́ tí ẹ kọ́kọ́ wá fi àwọn bàtà gìrìwò yẹn hàn wá. Ó ní, "Dádì, ẹni tó bá gun òkè tí kò sọ ibi tó máa gbà fún ẹnì kankan, ó ti sọnù kó tó kúrò nílé." Mo rẹ́rìn-ín. Mo ní ẹ̀yin ọmọ Amẹ́ríkà, ẹ ṣáà máa tẹnu mọ́ ọn.

Mọ́tò mẹ́ta ló dé léra wọn. Mo ti padà.

Ìbẹ̀rẹ̀ oṣù Kẹta ọdún tó kọjá, kí ààwẹ̀ tó wọlé, ẹ̀yin méjèèjì lọ sí òkè tó wà lọ́nà El Paso. Èmi lo fún ní bébà nígbà náà. O tún fi nọ́ńbà mi há iwájú gíláàsì mọ́tò rẹ, pé ẹni tó bá fẹ́ béèrè ohunkóhun, kó pe bàbá rẹ. Ọjọ́ Àìkú ló yẹ kí ẹ sọ̀kalẹ̀. Túnmiṣe fi ẹsẹ̀ rọ́, ẹ ò lè sọ̀kalẹ̀, ẹ̀ṣọ́ ọgbà pè mí, mo sì sọ fún un pé o kò sí níbẹ̀. Ẹ sùn sórí òkè nínú atẹ́gùn yẹn láìní àgọ́, nítorí pé ìrìn ọjọ́ kan lásán ni ẹ bá lọ. Ohun tí mo sọ fún ọ lẹ́yìn náà ni pé mo rò pé àwọn olè orí fóònù ni. Mo tilẹ̀ dá ọ lẹ́bi sí i, mo ní ìwọ lo kọ́ mi pé kí n má dá ẹni tí mi ò mọ nọ́ńbà rẹ̀ lóhùn.

Irọ́ ni mo pa. Mo mọ̀ pé òótọ́ ni ọkùnrin náà ń sọ. Kò tó ìṣẹ́jú kan tí mo fi mọ̀.

Bó ṣe rí gan-an nìyí. Ìpàdé ẹgbẹ́ wa bọ́ sí ilé mi lọ́jọ́ náà. O mọ̀ wọ́n: Alhaji Láyíwọlá tó jẹ́ alága wa, Alhaji Súnkànmí akọ̀wé, ìmáàmù, àti àwọn tó kù. Mo ti ká bébà rẹ sábẹ́ ẹní ìkírun kí ẹnikẹ́ni tó wọlé. Wọn ò tíì jókòó tán tí Alhaji Láyíwọlá fi ní ọmọ mi obìnrin dà. O mọ ohun tó mú un béèrè. Ọ̀rọ̀ ìwọ àti Hussein ọmọ rẹ̀ wà nílẹ̀ nígbà náà, bí o tilẹ̀ ń ṣe bí ẹni tí kò gbọ́. Báwo ni mo ṣe fẹ́ sọ fún un pé ọmọ tí wọ́n ń wò fún ìyàwó wà lórí àpáta kan, tó ń fi igi tẹlẹ̀ káàkiri bí ọdẹ? Mo ní o lọ sí ìpàdé àwọn apòògùn ní Dallas. Ó ní máṣàálàhù, ọmọ yẹn ń ṣe dáadáa.

Oúnjẹ la wà lẹ́nu rẹ̀ tí fóònù mi dún. Ó ku díẹ̀ kí àkókò Mọ́gàríbì wọlé. O mọ̀ pé etí fóònù yẹn ti bàjẹ́, sípíkà ni mo fi ń gbọ́ gbogbo nǹkan. Mo tẹ̀ ẹ́, ohùn ọkùnrin náà sì kún pálọ̀. Ó sọ orúkọ ara rẹ̀, ó sọ orúkọ ọgbà náà, ó ní mọ́tò kan tó yẹ kó ti lọ láti ọ̀sán ṣì wà ní páàkì àwọn, oòrùn sì ti ń wọ̀. Ó rọra sọ ọ́, kò kánjú. Ó ní, "Sà, ṣé ọmọ yín ló wà lórí òkè, àbí ẹlòmíràn ló gbé mọ́tò rẹ̀ wá? Bó bá jẹ́ òun ni, ọ̀nà wo ló ní òun máa gbà?"

Bébà náà wà lábẹ́ ẹní, kò ju ìṣísẹ̀ mẹ́rin lọ sí mi. Gbogbo wọn ń wò mí. Mo ní, "Ọmọ mi wà ní Dallas. Ó yá ẹnì kan ní mọ́tò rẹ̀." Ọkùnrin náà dúpẹ́. Ó ní bóyá ẹni tó yá a fẹ́ sùn síbẹ̀ ni, pé àwọn máa wò ó di àárọ̀. Alhaji Láyíwọlá ní ta nìyẹn, mo ní àwọn ọmọ tó ń fi fóònù jalè ni, mo kàn ń fi irọ́ dá wọn lóhùn. Alhaji Súnkànmí bá gba ọ̀rọ̀ lẹ́nu mi, ó ń sọ ti èyí tó pe òun tó ní ìjọba ń bọ̀ wá mú òun bí òun kò bá sáré ra káàdì ìtajà kan, kí òun sì ka nọ́ńbà ẹ̀yìn rẹ̀ fún un. A rẹ́rìn-ín. Èmi náà rẹ́rìn-ín, Àjíkẹ́, ilẹ̀ sì ń ṣú bá ọ níbi tí o wà.

Nígbà tí wọ́n lọ tán, mo pe nọ́ńbà rẹ, kò wọlé. Ó yẹ kí n pe ọkùnrin náà padà lójú ẹsẹ̀. Ṣùgbọ́n bí mo bá pè é, mo ní láti sọ fún un pé irọ́ ni mo pa lẹ́ẹ̀kan. Mo wá ń sọ fún ara mi pé ẹ ti wà lọ́nà, pé ẹ máa tó pè. Ìtìjú ni mo gbé dùbúlẹ̀. Ìgbà tí ilẹ̀ mọ́ tí n kò gbúròó rẹ ni mo tó pè wọ́n, mo ka bébà náà fún wọn láti òkè délẹ̀, ó sì tó wákàtí mẹ́ta kí wọ́n tó kàn yín.

O ò pariwo mọ́ mi nígbà tí o délé. O fi ọwọ́ méjèèjì di ife tíì tí màmá rẹ pò fún ọ mú, ìka rẹ kò tíì na tán. O ní, "Ìbéèrè kan péré ni wọ́n bi yín, Dádì." O sì gbé tíì rẹ mu. Láti ọjọ́ yẹn o ń kí mi, o ń ra aṣọ Iléyá fún mi, o ń gbé mi lọ rí dókítà. Bébà nìkan ni o kò fún mi mọ́.

Má rò pé mo kọ̀wé láti ní kí o má lọ. Mo fẹ́ kọ ọ́ bẹ́ẹ̀, mi ò ní purọ́. Láti ọjọ́ Jímọ̀, ojú ọjọ́ Montana ni mo máa ń wò kí n tó wo ti Houston. Lánàá, wọ́n ní yìnyín bọ́ lórí òkè yẹn, nínú oṣù Keje. Mo ti wo fídíò béárì títí, fóònù mi wá rò pé ọdẹ ni mí, ìbọn ló ń polówó fún mi báyìí. Ọkùnrin kan nínú fídíò náà ní bó bá jẹ́ béárì dúdú, kí o bá a jà. Bó bá jẹ́ èyí tí àwọ̀ rẹ̀ dà bí ilẹ̀, kí o dojú bolẹ̀ bí òkú. Ta ló fẹ́ dúró yẹ àwọ̀ wò? Wọ́n ní ẹ ó gbé agolo kan tí béárì kò lè ṣí láti kó oúnjẹ sí. Ẹ kọ́kọ́ rí i dájú pé ẹ̀yin fúnra yín lè ṣí i.

Bàbá àgbàlagbà kan wà tó máa ń gbé ìyàwó rẹ̀ wá gba ìtọ́jú níbí, ó ti gbé Montana rí. Mo bi í. Ó ní òtútù àárọ̀ ibẹ̀ kì í ṣe ti ọyẹ́ tí mo mọ̀. Ó ní kí ẹ má gbé aṣọ òwú wọ̀, torí bó bá ti tutù, kì í tètè gbẹ, yóò máa fa ooru ara yín jáde. Ó ní ní oṣù Kẹjọ, mànàmáná máa ń ṣọ́ orí òkè lẹ́yìn ọ̀sán, kí ẹ ti kúrò níbi gíga kí aago méjìlá tó lù. Ó sọ gbogbo rẹ̀ bí ẹni ń sọ̀rọ̀ ilé bàbá rẹ̀. Nígbà tó ń lọ, ó bi mí orúkọ rẹ. Díẹ̀ ló kù kí n sọ orúkọ mìíràn fún un. Mo sọ orúkọ rẹ.

Ọjọ́ Àìkú tó kọjá, ẹgbẹ́ ṣe ìpàdé nílé Alhaji Súnkànmí. Nígbà tí a dé ibi tí wọ́n ti ń béèrè ọ̀rọ̀ mìíràn tó bá wà, mo na ọwọ́. Mo dìde. Mo ní ọmọ mi ń lọ gun òkè ní Montana, ọjọ́ keje oṣù tó ń bọ̀, òun àti ọ̀rẹ́ rẹ̀ obìnrin, ọjọ́ mẹ́rin ni wọ́n máa lò. Mo ní lọ́dún tó kọjá, kì í ṣe Dallas ló wà, ọkùnrin tó pè nílé mi kì í ṣe olè. Mo sọ bí o ṣe sùn síta. Mo dà bí ẹni tó bọ́ra síhòhò láàárín wọn.

Alhaji Láyíwọlá ló kọ́kọ́ sọ̀rọ̀. Ó ní, "Nùrú, mo mọ̀. Olè kì í béèrè ọ̀nà tí ọmọ ẹni gbà; nọ́ńbà káàdì ni wọ́n ń béèrè. Mo wo ojú rẹ lọ́jọ́ yẹn, mo sì mọ̀. Mo rò pé kí n má dójú tì ọ́ nínú ilé rẹ ni mo ṣe dákẹ́." Ó wá tẹ orí ba. Àwa méjèèjì ló mọ̀, Àjíkẹ́, a sì jọ ń jẹ ẹran.

Alhaji Súnkànmí ní kí ni ọmọ yẹn ń wá lórí òkè gan-an, ṣé góòlù ni. Alhaji Láyíwọlá ní kó fi ọmọ sílẹ̀, pé Hussein tòun kò lè gun àtẹ̀gùn ilé kó má sinmi láàárín, pé òun ti rí i báyìí pé kò lè bá ọmọ yẹn rìn. Wọ́n rẹ́rìn-ín. Mo rò pé ibẹ̀ ni ọ̀rọ̀ ìwọ àti Hussein parí sí. Bí inú rẹ bá dùn, má jẹ́ kí màmá rẹ mọ̀. Lẹ́yìn náà ìmáàmù ní kí n tún ọjọ́ náà pè, ó kọ ọ́ sílẹ̀, wọ́n sì ṣàdúà fún ọ pẹ̀lú orúkọ rẹ àti orúkọ Túnmiṣe. Ọkùnrin mọ́kànlá ló ń ṣe àmín sí ìrìn àjò tí o kò tíì lọ. Mo tó ẹni ọgọ́ta ọdún, mi ò gbọ́ irú rẹ̀ rí nípa ọmọ mi. Ẹ̀rù bà mí dé eegun. Ṣùgbọ́n mo ṣe àmín tèmi.

Ohun tí mo ń bẹ̀ ọ́ fún kò pọ̀. Bí o bá fẹ́ fi orúkọ Adnan sílẹ̀, fi sílẹ̀, mi ò ní bínú. Ṣùgbọ́n fún èmi náà ní bébà náà. Mo fẹ́ lẹ̀ ẹ́ mọ́ ara fíríìjì, níbi tí gbogbo ẹni tó bá wọlé yóò ti rí i. Mo ti lọ ra fóònù tuntun tí etí rẹ̀ ń gbọ́. Bí ẹnikẹ́ni bá pè mí nítorí rẹ, ìbáà jẹ́ mọ́sálásí ni mo wà, ìbáà jẹ́ iwájú ọba ni mo jókòó sí, mi ò ní kí i, mi ò ní bi í pé ta ni. Ibi tí o wà ni màá kọ́kọ́ sọ.

Bí o bá kọ̀, mo gbà. Ìwọ lo sùn síta.

Kí Ọlọ́run tó dá òkè sílẹ̀ mú ẹsẹ̀ rẹ dúró lórí rẹ̀. Kí òjò mọ ibi tí ẹ pàgọ́ sí, kó yà á. Kí ẹranko ibẹ̀ jẹ tiwọn, kí ẹ̀yin náà jẹ tiyín. Bí ẹ ṣe gòkè ní méjì, kí ẹ sọ̀kalẹ̀ ní méjì, kí ilé bá yín, kí ẹ bá ilé. Àmín.

Èmi ni bàbá rẹ, tó ń retí ìdáhùn rẹ,

Nùrúdíìnì.

Ọ̀rọ̀ tó kù: Mo mú lẹ́tà yìí délé kí n tó fi ránṣẹ́, màmá rẹ sì kà á lónìí, lẹ́yìn ìrun Àsárì. Òun náà, olè orí fóònù ló mọ̀ láti ọdún tó kọjá. Sìkírátù màmá rẹ tí o mọ̀, ó ká lẹ́tà náà, ó dá a padà fún mi. Ó wá ní, "Ṣé ẹ ti sọ fún Túnmiṣe?" Mo ní ìwọ ni mo kọ́kọ́ kọ̀wé sí. Ó ní ẹsẹ̀ rẹ kọ́ ló wú. Òótọ́ ló sọ. Ọ̀sẹ̀ mẹ́fà ni ọmọ yẹn fi ń rìn pẹ̀lú ọ̀pá, tó sì ń gbìyànjú láti kúnlẹ̀ kí mi. Ní Sátidé yìí, mò ń lọ bá òun àti ọkọ rẹ̀ nílé wọn ní Fulshear. Jọ̀ọ́, bí lẹ́tà yìí bá tètè dé ọ lọ́wọ́, má pè é. Túnmiṣe tí mo mọ̀, bó bá ti gbọ́ ọ lẹ́nu rẹ, yóò ti dárí jì mí kí n tó gbé mọ́tò sí ẹnu ọ̀nà wọn, mi ò sì ní rí ẹnu sọ ọ́ mọ́.